Ọmọ Tó Ń Hanrun Lè Má Gbọ́ Ohun Tí O Ń Sọ

Ohun tí ẹ fẹ́ kà yìí ni a sọ nínú ètò wa ti ọ̀sẹ̀ yìí. A kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹ̀yin tí dátà yín ti ń tán lọ, àti ẹ̀yin tí ariwo ọkọ̀ kò jẹ́ kí ẹ gbọ́ wa dáadáa.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, ẹ kú ìfaradà. Ẹ̀yin tí ẹ ń fọ abọ́, tí fóònù yín wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ báfù, ẹ kú iṣẹ́. Lónìí, n ò ní fi bẹ́ẹ̀ bá yín ṣeré bí mo ṣe máa ń ṣe, torí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ ṣì ń dùn mí. Mo gbá ọmọ kan létí nítorí pé mo pè é, kò dáhùn. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé kò gbọ́ mi ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ohun tí máíkì mi gbọ́ ní Ìjàgbò

Ìjàgbò ni ilé wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọ̀fà. Ẹni tó bá mọ ibẹ̀ mọ̀ pé ìlú méjèèjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lẹ̀ mọ́ra wọn. Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbé pẹ̀lú màmá wa àti àwọn ọmọ rẹ̀. Mo lọ bá wọn ṣe ọdún Iléyá.

Àbíkẹ́yìn ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ ọmọkùnrin ọlọ́dún 5. Ẹnu rẹ̀ kì í padé. Ikun kì í gbẹ nímú rẹ̀. Tó bá ń jẹ ọ̀dùnkún, àwọn yòókù á ti jẹun tán, wọ́n á ti lọ ṣeré, òun á ṣì jókòó tì í: á jẹ díẹ̀, á dúró, á mí, á tún jẹ. Tó bá fẹ́ pe màmá rẹ̀, ohun tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀ ni "bàbá". Náírà, lẹ́nu tirẹ̀, "dáírà" ni. Gbogbo ilé á bú sẹ́rìn-ín. A rò pé àwàdà ọmọdé ni.

Tíṣà rẹ̀ kọ ọ́ sínú èsì ìdánwò rẹ̀ pé kì í fetí sílẹ̀ ní kíláàsì. Nílé, olóríkunkun ni a ń pè é. Tí o bá ní kó dín ohùn tẹlifíṣọ̀n kù, kò ní ṣe bí ẹni gbọ́. Tí o bá pè é láti ẹ̀yìn, kò ní yíjú. Ṣùgbọ́n tí o bá dúró níwájú rẹ̀, tí o fi bisikíìtì hàn án, kíá ló máa dìde. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ ká gbà pé ó ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni.

Ní ọjọ́ kejì ọdún, mo ní kó bá mi mú ṣájà wá. Mo pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó jókòó sílẹ̀, ó ń to ìdérí ìgò. Inú bí mi, mo bá lọ gbá a létí. Ó wò mí bí ẹni tí kò mọ ohun tó ṣe. Kò sì mọ̀ ọ́n lóòótọ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà, mo fẹ́ gba ohùn sílẹ̀ fún ètò yìí. Ariwo jẹnẹrétọ̀ pọ̀ ní pálọ̀, mo bá wọ yàrá tí àwọn ọmọ ń sùn sí. Mo rọra sọ̀rọ̀ fún bí 20 ìṣẹ́jú. Nígbà tí mo wá fi ìgbọ́hùn sétí láti yẹ̀ ẹ́ wò, ohùn mi kọ́ ni mo ń gbọ́ dáadáa. Ìhanrun ọmọ yẹn ni. Ó ń dún bí ẹni ń fi ayùn rẹ́ pákó. Lẹ́yìn náà, gbogbo rẹ̀ á dákẹ́ rọ́rọ́. Mo ń wo nọ́ńbà tó ń lọ lórí fóònù: 1, 2, 3, títí ó fi dé 11. Ìgbà náà ló mí sókè kíkankíkan, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú odò. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun. Mo dá a padà, mo kà á. Láàárín 20 ìṣẹ́jú yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni èémí rẹ̀ dúró.

Mo gbé e fún màmá wa kí wọ́n gbọ́ ọ. Wọ́n ní, "Oorun ń dùn mọ́ ọmọ náà ni." Ohun tí gbogbo wa ti ń sọ láti ìgbà tí wọ́n ti bí i nìyẹn. Ṣùgbọ́n oorun kò dùn mọ́ ọn. Ọmọ náà ń wá èémí ni.

Ẹran kékeré kan lẹ́yìn imú

Orúkọ ohun tó ń ṣe é ni adenoid tó wú. Bí àwọn dókítà wa ṣe ń pè é nìyẹn, n ò sì ní dá orúkọ mìíràn sílẹ̀ fún un. Ẹ jẹ́ ká kàn mọ ibi tó wà.

Fi ahọ́n rẹ kan àjà ẹnu rẹ. Máa fà á lọ sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Ibi tó le máa tán, á kan ibi tó rọ̀. Ní ìparí ibi rírọ̀ yẹn ni bẹ́lúbẹ́lú ti so kọ́. Òkè ibi rírọ̀ yẹn, níbi tí ihò imú méjèèjì ti pàdé lẹ́yìn kí èémí tó sọ̀ kalẹ̀ sí ọ̀fun, ibẹ̀ ni adenoid wà. Bí o bá la ẹnu níwájú dígí, o lè rí tonsil, ìyẹn ẹran méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún àti òsì ọ̀fun. O ò lè rí adenoid. Ó fara pamọ́ sókè.

Gbogbo ọmọ ni Ọlọ́run dá a mọ́. Kì í ṣe àrùn. Iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè ló ń ṣe: bí kòkòrò àìsàn bá gba imú wọlé, ó wà lára ibi tí ara ti ń kọ́kọ́ dá a mọ̀, tó sì ti ń múra ìjà. Ó máa ń tóbi jù láàárín ọdún 3 sí 7, ìgbà tí ọmọ ń kó ọ̀fìnkìn bọ̀ láti ilé ìwé lóòrèkóòrè. Lẹ́yìn náà á máa sún kì. Nígbà tí ọmọ bá fi máa bàlágà tán, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹran yìí bá wú ju àyè tó wà lọ. Ọ̀fìnkìn tó ń lọ tó ń bọ̀ lè wú u. Bí ara ọmọ kò bá gba eruku, ó lè wú u. Èéfín sìgá nínú ilé ń dá kún un. Àwọn ọmọ tí genotype wọn jẹ́ SS máa ń ní ìṣòro yìí ju àwọn ọmọ mìíràn lọ. Nítorí náà, ẹ̀yin òbí wọn, ẹ máa ṣọ́ bí wọ́n ṣe ń sùn.

Bí ọ̀nà imú bá dí

Iṣẹ́ imú kọjá òórùn gbígbọ́. Nígbà ọyẹ́, imú ló ń sẹ́ eruku kúrò nínú afẹ́fẹ́, tó ń mú un lọ́rinrin, tó ń mú un lọ́wọ́ọ́wọ́ kó tó dé ẹ̀dọ̀fóró. Ẹnu kò lè ṣe é tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó ń fi ẹnu mí máa ń jí pẹ̀lú ọ̀fun gbígbẹ, ètè rẹ̀ á là, ẹnu rẹ̀ á máa rùn bó tilẹ̀ fọ eyín.

Ní ọ̀sán, ọmọ lè máa bá a yí. Òru ni ìyà rẹ̀. Bí a bá sùn, ọ̀pọ̀ iṣan ara máa ń dẹ̀, títí kan èyí tó ń mú ọ̀fun là sílẹ̀. Ọ̀nà tó ti há tẹ́lẹ̀ á wá pa dé. Àyà ń gòkè, ó ń sọ̀, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kò wọlé. Ọpọlọ á ta jí, á lé oorun lọ díẹ̀ kí ọmọ lè mí. Ọmọ náà kò ní rántí pé òun jí. Bí ìyẹn bá ń ṣẹlẹ̀ léraléra láti alẹ́ di òwúrọ̀, ọmọ wà lórí bẹ́ẹ̀dì lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sùn.

Bí àgbàlagbà kò bá sùn, á máa tòògbé. Ọ̀pọ̀ ọmọdé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n á máa kanra, wọ́n á máa sáré kiri, wọn ò ní lè jókòó sójú kan. Orí lè máa fọ́ wọn láàárọ̀. Wọ́n lè máa tọ̀ sílé lẹ́yìn tí wọ́n ti jáwọ́ nínú rẹ̀. Bó bá pẹ́ fún ọdún púpọ̀, ojú ọmọ lè gùn gbọọrọ, àjà ẹnu rẹ̀ á ga sókè, eyín rẹ̀ á máa gun ara wọn. Bó bá le gan-an, ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró pàápàá ń jìyà rẹ̀.

Ìlù tí ẹ̀kọ kún inú rẹ̀

Ìbéèrè tí mo bi dókítà nìyí: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, imú ló dí, kí ló kan etí?"

Ẹ rántí ìgbà tí ọkọ̀ bá ń gun òkè, tí etí yín á dí, tí ẹ ó gbé itọ́ mì, tí etí á sì là. Ọ̀nà tóóró kan ló ṣí nígbà yẹn. Ó so ẹ̀yìn imú pọ̀ mọ́ inú etí, lẹ́yìn awọ tí à ń pè ní ìlù etí. Ìgbà tí a bá ń gbé itọ́ mì tàbí tí a bá yán ló máa ń ṣí, kí afẹ́fẹ́ tuntun lè wọ inú etí. Ẹgbẹ́ ibi tí adenoid wà gan-an ni ẹnu ọ̀nà yẹn wà. Bí adenoid bá wú, ó lè dí ẹnu ọ̀nà náà, tàbí kó di ilé fún kòkòrò tó ń ti ibẹ̀ gòkè lọ sínú etí.

Bí afẹ́fẹ́ kò bá wọlé mọ́, ara á fa èyí tó wà nínú etí tán. Ìlù etí á fà sínú. Omi á bẹ̀rẹ̀ sí í sun sí ẹ̀yìn rẹ̀. Bó bá pẹ́, omi náà á ki, á máa fà bí ọbẹ̀ ilá.

Ẹ wá fojú inú wò ó: ẹ bu ẹ̀kọ gbígbóná sínú ìlù, ẹ jẹ́ kó dì, kí ẹ wá lù ú. Kò lè dún bó ṣe yẹ. Bí ìlù etí ọmọ náà ṣe wà nìyẹn. Kò dití. Ó ń gbọ́, ṣùgbọ́n bí ẹni tó fi ìka di etí méjèèjì. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò nísinsìnyí: ẹ di etí yín, kí ẹ ní kí ẹnì kan sọ̀rọ̀ lẹ́yìn yín. Ẹ wá fi kíláàsì tí ọmọ kún fọ́fọ́ kún un, tí òjò sì ń rọ̀ lé páànù.

Ohun tó ń tan òbí jẹ níbẹ̀ pọ̀. Ìkíní, ó lè má dun ọmọ rárá, ọyún lè má jáde. Ìkejì, ó ń lọ ó ń bọ̀: ọmọ lè gbọ́ dáadáa lọ́sẹ̀ yìí, kó má gbọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ bí ọ̀fìnkìn bá dé. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé, "Tó bá wù ú ló máa ń gbọ́." Ìkẹta, ọmọdé gbọ́n. Ó ń wo ẹnu, ó ń wo ọwọ́, ó ń wo ojú. Ojú ló fi ń rí bisikíìtì, kì í ṣe etí.

Ọ̀rọ̀ "bàbá" yẹn ńkọ́? Ẹ fi ọwọ́ fún imú yín pa, kí ẹ wá sọ "màmá". Ẹ gbọ́ ọ? Afẹ́fẹ́ ní láti gba imú jáde kí a tó lè pe "m" àti "n". Bí ẹ̀yìn imú bá dí, "m" á di "b", "n" á di "d". Ohun tí a fi ń rẹ́rìn-ín yẹn, àmì ni.

Dókítà kan ní Copenhagen

Kì í ṣe àwa nìkan la ti ṣi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ mọ̀. Ní orílẹ̀-èdè Denmark, dókítà kan wà tó ń jẹ́ Wilhelm Meyer. Ní ìlú Copenhagen, obìnrin ọ̀dọ́ kan wá bá a pé òun kò gbọ́ràn dáadáa, ohùn rẹ̀ sì dà bí ohùn tó ti kú, kò ròkè. Meyer kò wo etí nìkan. Ó ti ìka bọ ẹnu, ó gba ẹ̀yìn àjà ẹnu lọ sókè, ó sì kan ẹran rírọ̀ tó dí gbogbo ibẹ̀. Nígbà tó yọ ọ́, obìnrin náà rí ìtura. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá a lára àwọn ọmọ ilé ìwé, ó sì ń rí i. Ọdún 1868 ló gbé ìwádìí náà jáde. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, wọ́n ṣe ère rẹ̀ sí Copenhagen.

Ó ti lé ní 150 ọdún báyìí tí ayé ti mọ ọ̀rọ̀ yìí. Síbẹ̀, ní 5 ọdún tí ọmọ wa fi ń hanrun, kò sí ẹni tó sọ ọ́ fún wa.

Ohun tí a ti fẹ́ ṣe, tí kò yẹ ká ṣe

Nígbà tí mo ní ká gbé e lọ sílé ìwòsàn, ìmọ̀ràn bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Alábàágbé wa kan ní ká pe oníkọlà kó wá gé bẹ́lúbẹ́lú rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Adenoid wà lókè, lẹ́yìn imú. Bẹ́lúbẹ́lú wà nísàlẹ̀, nínú ẹnu. Ọ̀bẹ tó gé bẹ́lúbẹ́lú kò dé ibi tí wàhálà wà. Ohun tó lè ṣe ni kó mú ẹ̀jẹ̀ dà láìdáwọ́ dúró, kó kó àrùn ipá tàbí kòkòrò mìíràn ran ọmọ.

Ẹlòmíràn ní ká kán àdín gbígbóná sí i létí. Omi tó wà nínú etí rẹ̀ wà lẹ́yìn ìlù etí. Ohun tí ẹ bá kán síta, ìta ló máa wà, bóyá kó tilẹ̀ jó ọmọ.

Ní kẹ́mísìtì, wọ́n tà oògùn kan fún ẹ̀gbọ́n mi tó máa jẹ́ kí ọmọ "sùn dáadáa". Èyí ló léwu jù. Ọmọ tí èémí rẹ̀ ń dúró lóru, jíjí ló ń gbà á là. Oògùn tó bá mú oorun rẹ̀ wúwo lè má jẹ́ kó jí. Ẹ má sì máa kán oògùn tó ń la imú sí ọmọ nímú fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ láìbéèrè. Bó bá pẹ́, ó lè mú kí imú tún dí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ohun tí fóònù rẹ lè ṣe

Ohun tó wà lọ́wọ́ yín báyìí wúlò ju bí ẹ ṣe rò lọ. Dókítà kò lè wá sùn nílé yín. Ọ̀sán ló máa rí ọmọ, nígbà tí ojú rẹ̀ là. Fóònù yín ló lè gbé òru lọ bá dókítà.

Ẹ bọ́ aṣọ lọ́rùn ọmọ nígbà tó bá ti sùn wọra, kí ẹ ká a sí fídíò fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì. Ẹ jẹ́ kí ojú, ẹnu àti àyà rẹ̀ hàn, kí ẹ sì pa fáànù tó ń pariwo kí ohùn lè wọlé. Ẹ wò ó bóyá egungun àyà rẹ̀ ń wọnú nígbà tó bá ń mí. Ẹ ka ìgbà tí èémí bá dákẹ́.

Ní ọ̀sán, ẹ nu ojú fóònù mọ́, kí ẹ gbé e sábẹ́ imú ọmọ, kó pa ẹnu dé, kó mí. Bí imú bá là, ojú fóònù á ṣókùnkùn nítorí ooru èémí. Bí kò bá ṣókùnkùn rárá, tàbí tí ọmọ kò lè pa ẹnu dé fún ìgbà díẹ̀, ọ̀nà ti há.

Ti etí, ẹ dúró lẹ́yìn ọmọ níbi tí kò sí ariwo, kó má rí ẹnu yín. Ẹ fi ohùn jẹ́jẹ́ dárúkọ ohun tó mọ̀: bàtà, ṣíbí, ewúrẹ́. Kó máa pè é tẹ̀ lé yín. Bó bá ń ṣì í, tàbí tí kò dáhùn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Èyí kò rọ́pò àyẹ̀wò ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n ẹ ó mọ ohun tí ẹ máa sọ bí ẹ bá débẹ̀.

Bí ọmọ bá ń hanrun ní ọ̀pọ̀ òru nígbà tí kò ní ọ̀fìnkìn, bí ó bá ń fi ẹnu mí lójoojúmọ́, bí ìgbọ́ràn tàbí ọ̀rọ̀ sísọ rẹ̀ bá ń kọ yín lóminú, ẹ gbé e lọ bá dókítà. Bí ètè rẹ̀ bá ń yí àwọ̀ padà, tàbí tí mímí ń ni ín lára lójú yín, ẹ má dúró di ọ̀la.

Àti ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń gbọ́ mi: bí ihò imú kan bá dí títí tí kò là, tàbí tí etí kan dí fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ẹ má sọ pé adenoid ọmọdé ni. Ohun mìíràn tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ lè wà lẹ́yìn imú yín. Ẹ lọ ṣàyẹ̀wò.

Ìlọrin

Ìlọrin la gbé e lọ. Dókítà etí, imú àti ọ̀fun ni ẹ ó béèrè fún. ENT ni wọ́n ń pè é nílé ìwòsàn. Yunifásítì Ìlọrin ní ilé ìwòsàn ńlá tó ní ẹ̀ka yìí, bẹ́ẹ̀ náà ni UCH ní Ìbàdàn àti LUTH ní Èkó. Kí ẹ tó lọ, ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ dókítà tó sún mọ́ yín, kí ẹ sì béèrè bóyá ìwé ìlera adójútòfò yín gba iṣẹ́ abẹ.

Mo gbé ohun tí mo gbà sílẹ̀ fún dókítà. Ó gbọ́ ọ títí dé ìdákẹ́jẹ́ kejì, ó ní ó tó. Wọ́n ya X-ray ọrùn rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Ojú lásán la fi rí i: ọ̀nà afẹ́fẹ́ tó yẹ kó fẹ̀ ti di fónrán. Wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré kan sí i létí tó ń ti afẹ́fẹ́ díẹ̀ wọlé láti mọ̀ bóyá ìlù etí ń mì. Kò mì. Omi wà lẹ́yìn méjèèjì.

Kì í ṣe gbogbo ọmọ ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ abẹ fún. Ọ̀pọ̀ omi inú etí ló ń gbẹ fúnra rẹ̀, nítorí náà dókítà lè ní kí ẹ dúró fún bí oṣù 3, kó máa ṣọ́ ọ. Ó lè kọ oògùn tí wọ́n ń fọ́n sí imú fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ẹran náà lè rọlẹ̀. Bí èémí bá ń dúró lóru, tàbí tí ìgbọ́ràn kò padà bọ̀ sípò, ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ máa ń wọlé.

Ẹlòmíràn á ní, "Ṣebí á sún kì fúnra rẹ̀ tó bá dàgbà?" Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọdún tó fi máa sún kì ni ọdún tí ọmọ ń kọ́ èdè, tó ń kọ́ ìwé kíkà. Ẹran náà lè lọ. Ohun tí ọmọ kò gbọ́ nígbà náà kò ní dúró dè é.

Nígbà tí màmá wa gbọ́ "iṣẹ́ abẹ", wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run, kò sí ẹni tó máa dúńbú ọmọ àwọn. N ò fi ẹ̀rù wọn ṣẹ̀sín. Ní oṣù kẹfà ọdún 1906, ní New York, nílé ìwé tí ọmọ àwọn àlejò pọ̀ sí, àwọn dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ adenoid àwọn ọmọ. Ìròyìn gba àdúgbò Lower East Side kan pé wọ́n ń dúńbú ọmọ nílé ìwé. Àwọn ìyá tú jáde, ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ Júù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Yúróòpù. Wọ́n ya bo àwọn ilé ìwé, wọ́n ń ju òkúta, wọ́n ń pariwo kí wọ́n kó ọmọ àwọn jáde. Kì í ṣe òmùgọ̀ ni wọ́n. Ìyá tí ọ̀rọ̀ kò yé, tó gbọ́ pé ọ̀bẹ wà lọ́fun ọmọ rẹ̀, kí ni kó ṣe?

Nítorí náà, mo jókòó ti màmá wa, mo sì fi Yorùbá ṣàlàyé rẹ̀. Wọn kì í fi ọ̀bẹ kan ọrùn. Wọ́n á mú ọmọ sùn pátápátá, wọ́n á gba ẹnu rẹ̀ wọlé, wọ́n á yọ ẹran náà. Kò sí àpá lójú. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, kì í gbà tó wákàtí kan. Wọ́n lè fi páìpù bíńtín kan há ìlù etí kí omi má baà padà. Òun fúnra rẹ̀ máa ń já bọ́ lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Ara ní ẹ̀ṣọ́ mìíràn tó máa bá adenoid ṣiṣẹ́ tó ń ṣe. Mo sì sọ èyí tó léwu níbẹ̀: ẹ̀jẹ̀ lè dà, oògùn oorun náà nílò àmójútó, ẹran náà sì lè tún hù lára ọmọ díẹ̀. Bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ tútù nímú tàbí lẹ́nu lẹ́yìn tí ẹ délé, ilé ìwòsàn ni ẹ padà sí lójú ẹsẹ̀. Màmá wa béèrè bóyá ọmọ á lè jẹun. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní, "Ó dáa, ẹ máa lọ."

Lẹ́yìn náà

Ní òru àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé e padà sí Ìjàgbò, ẹ̀gbọ́n mi kò sùn. Yàrá dákẹ́ jù. Ó ń dìde wò ó bóyá ó ń mí. Ó ń mí, ẹnu rẹ̀ pa dé.

N ò ní parọ́ fún yín pé gbogbo nǹkan tún ṣe lọ́jọ́ kan. Ẹnu rẹ̀ ti mọ́ lílà, wọ́n ṣì ń rán an létí kó pa á dé. Ó ti pẹ́ lẹ́yìn àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ìwé, wọ́n ń bá a kọ́ ọ láti A, B, D. Wọ́n ṣì máa tún etí rẹ̀ yẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ó sọ fún màmá rẹ̀ pé kí wọ́n dín tẹlifíṣọ̀n kù, ó ń pariwo. "Màmá" ló sì pè é.

Nígbà tí mo tún lọlé, mo kúnlẹ̀ kí ojú wa lè ṣe déédéé, mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ fún etí tí mo gbá. Ó ní, "Àǹtí, n ò rántí." Èmi rántí.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Ọmọ kan wà ládùúgbò yín, nínú ẹbí yín, tí wọ́n ń pè ní olóríkunkun, tí ẹnu rẹ̀ kì í padé, tó ń hanrun bí àgbàlagbà. Kí ẹ tó bá a wí lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ lọ síwájú rẹ̀, ẹ wo ojú rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ó gbọ́ yín. Ẹ fi ètò yìí ránṣẹ́ sí màmá rẹ̀ lórí WhatsApp. Ọjọ́ kẹta oṣù kẹta ọdọọdún ni gbogbo àgbáyé fi ń sọ̀rọ̀ ìgbọ́ràn, ṣùgbọ́n ẹ má dúró dìgbà náà. Òru òní tó láti tẹ́tí sí ọmọ tó ń sùn.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Kí Ọlọ́run jẹ́ ká gbọ́ ara wa yé.